Ọ̀nà Ẹ̀yìn Onígbèsè

Ọjọ́ Àìkú, 27 Sẹ̀tẹ́ńbà 1992

Ojú tì mí lónìí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò rí mi. A jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Baba Abọ́lá dúró fún ìpàdé àwọn ọkùnrin, èmi ń dá bọ̀ láti Ìyànà-Ìbà. Bí mo ṣe dé ìkòríta, ẹsẹ̀ mi yà sí ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ọgbà àwọn mẹkáníìkì, níbi tí ẹrọ̀fọ̀ ti ń gbé bàtà mì. Mo ti rìn dé ìdajì kí n tó rántí pé ọjọ́ Àìkú ni. Ìyá Fàúsátù máa ń lọ sí àsàlátù, kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù títí di ọ̀sán. Kò sí ẹni tí mo ń sá fún. Ẹsẹ̀ ló ń dá sá.

Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi — funfun ni tẹ́lẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ fún ara mi pé, Lydia, o kò jalè, o wá ń rìn bí olè. Ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ san gbèsè mi. Mo fẹ́ máa gba ọ̀nà iwájú lọ sílé mi bí ọmọ ènìyàn kí ọdún yìí tó parí. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ra ìwé yìí. Owó lọ́wọ́ ni mo fi rà á, kì í ṣe àwìn.

Ẹni mẹ́ta ni mo jẹ ní gbèsè. Agogo ni mo ń pe àkọ́kọ́. Àyìnkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá wọ yàrá àwa olùkọ́ ní Òkòkòmaikò, àwọn ọmọ kíláàsì tó wà lẹ́yìn pápá ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Á tú báàgì sílẹ̀: léèsì, wúrà, abọ́ ìgbàlejò. "Ẹ ṣáà mú un, ó di ìparí oṣù." Kò sí olùkọ́ tí kò jẹ ẹ́. Èkejì ni Alhaji Àlàní ní Alaba, tó ta tẹlifíṣọ̀n fún wa. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ń pè é, nítorí eyín rẹ̀ kì í wọlé.

Ẹ̀kẹta ni Ìyá Fàúsátù, ará Abẹ́òkúta, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà wa. Gàrí, mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ, kẹrosíìnì. Ọdún mẹ́rin tí a ti dé Ìbà la ti ń jẹ àwìn rẹ̀. Á gbé e fún wa, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò béèrè owó lọ́wọ́ mi rí. Ohun tó máa ń sọ kò ju, "Ẹ káàbọ̀, Tìṣà. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ìkíni yẹn ni mo ń sá fún. Ó wúwo ju èébú lọ.

Ọjọ́ Ajé, 28 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo sọ fún Baba Abọ́lá lẹ́yìn oúnjẹ. (Nínú ìwé yìí, "ó" ni màá máa pè é. Lẹ́nu, "wọ́n" ni. Kí ìwé má lọ fẹjọ́ mi sùn àwọn ẹbí rẹ̀ ní Oǹdó.) Kò bínú. Báwo ló ṣe fẹ́ bínú — òun ló ń wo bọ́ọ̀lù nínú tẹlifíṣọ̀n Ẹlẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ni ní Àpápá, ó fẹ́ràn ètò. Ó ní ẹni tó ń pariwo ni ká kọ́kọ́ pa lẹ́nu mọ́. Agogo ṣáájú, Alhaji tẹ̀lé e, Ìyá Fàúsátù kẹ́yìn.

"Ìyẹn, tiwa ni," ó ní. "Á mú sùúrù fún wa."

Mo rò ó, mo rí i pé ó bọ́gbọ́n mu. Mo fi òfin tèmi kún un: a kò ní ra nǹkankan láwìn mọ́, ìbáà ṣe ìṣáná. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Sẹ̀tẹ́ńbà

Gàrí tán. Owó wà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú wo ni mo fẹ́ fi mú owó tuntun síwájú ẹni tí mo jẹ ní owó àtijọ́? Ó lè ní kí n kọ́kọ́ fi dí ihò tó wà nílẹ̀. Kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó lè rò ó. Mo rà á lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì tó ń tajà lọ́nà ẹ̀yìn. Mo ka owó sí i lọ́wọ́, mo gba ṣéńjì. Orí mi wú.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Ọ̀kítóbà

Owó oṣù dé. Agogo ti gbọ́ kí àwa tó gbọ́. Ó ti jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù láti àárọ̀, báàgì lẹ́sẹ̀, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀. Olùkọ́ kan gba ojú fèrèsé jáde. Èmi náà ńkọ́? Lóṣù tó kọjá, mo sá sí kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, mo ń kọ́ wọn lórin tí kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́ kankan, títí ó fi lọ.

Lónìí, mo lọ bá a fúnra mi. Ẹnu yà á. Ó ti múra ohùn sílẹ̀, kò wá rí ibi tó máa lò ó sí. Mo dá ṣéènì wúrà tí mo rà láwìn lọ́wọ́ rẹ̀ padà, mo san díẹ̀ lórí owó léèsì. Ó yẹ ṣéènì náà wò, ó ní wúrà tó bá ti kan ọrùn kì í ṣe tuntun mọ́, ó sì dín iye tó yẹ kó gbà á kù. Mo gbà. Ó wá gbé ohùn sókè pé, "Ìyá Abọ́lá, ẹ̀yin nìkan lọmọ ènìyàn ní skúùlù yìí." Gbogbo wọn gbọ́ ọ. N kò ní purọ́ fún ìwé ara mi, ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Ọ̀kítóbà

Ọrùn mi fúyẹ́. Ó tún ń ṣe mí bíi pé wọ́n jí nǹkan mi.

Ọjọ́bọ̀, 8 Ọ̀kítóbà

A mu tíì láìsí mílíìkì. Baba Abọ́lá wo inú ife rẹ̀ títí. Nígbà tí à ń ra àwìn pàápàá, n kò jẹ́ ránṣẹ́ sí Ìyá Fàúsátù lówùúrọ̀. Oníṣòwò kì í ta àwìn nígbà tí kò tíì rí àkọ́tà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rajà gbọ́dọ̀ fi owó lọ́wọ́ rà á, kí ọjọ́ náà lè tù ú lára. Ó máa ń rọra sọ ọ́ fún Abọ́lá pé, "Mi ò tíì tajà o, ọmọ mi." Nítorí náà a máa ń dúró di ọ̀sán. Ọdún mẹ́rin, mílíìkì wa ń dé lẹ́yìn tí a ti mu tíì tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Ọ̀kítóbà

Mo lọ sí Alaba. Mo fẹ́ sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín pé yóò rí owó díẹ̀ gbà nígbà tí oṣù bá parí, kí ó má rò pé a ti gbàgbé. Ó fún mi ní àga, ó ra kóòkì fún mi. Ó ní inú òun dùn sí oníbàárà tó ń wá fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí fídíò kan lórí pẹpẹ. Ó ní ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n tí kò ní fídíò dà bí ẹni tó ní ìkòkò tí kò ní ìdérí. "Ẹ gbé e lọ, Màmá. Ẹ ó máa san án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pẹ̀lú tàtijọ́."

Ọlọ́run ló yọ mí. Mo ti ń ro ibi tí màá gbé e sí nínú pálọ̀. Mo dúpẹ́, mo dìde, mo gbàgbé kóòkì mi sórí tábìlì rẹ̀.

Ọjọ́rú, 14 Ọ̀kítóbà

Abíọ́dún tó ń darí èésú wa ní skúùlù gbà kí n kó tèmi ní ìparí oṣù yìí. Láti Jánúárì ni mo ti ń dá a. Màá kó o, màá fi pa Agogo lẹ́nu mọ́ pátápátá, màá mú ìyókù fún Ẹlẹ́rìn-ín. Mo fọkàn ṣírò rẹ̀ nínú mọ́tò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti sọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 19 Ọ̀kítóbà

Òjò àná sọ ọ̀nà ẹ̀yìn di odò. Àwọn mẹkáníìkì to pákó lélẹ̀, pákó náà léfòó. Kò sí ọ̀nà míì, àfi iwájú. Mo ń rìn, mo ń ṣètò ohun tí màá sọ: Ìyá Fàúsátù, ẹ má bínú, ọwọ́ ló ń tẹ̀ mí, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í san ti àwọn kan...

Ṣọ́ọ̀bù tì. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó tì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo tún rìn kíákíá, bóyá ó kàn lọ kírun ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Ọ̀kítóbà

Ó ṣì tì. Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, fìlà lórí, báàgì lórí itan. Ó kí mi dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 22 Ọ̀kítóbà

Ó tì. Ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀. Odò ọ̀nà ẹ̀yìn ti gbẹ, ṣùgbọ́n iwájú ni mo ń gbà báyìí, mo ń fọwọ́ gbé báàgì mi dání bí aya ọ̀gá. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Ohun tí mo rò nìyí, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ojú lè tì mí nígbà tí mo bá tún un kà. Mo rò pé bóyá Ìyá Fàúsátù ti kó lọ sí Abẹ́òkúta. Mo rò pé tó bá ti lọ, gbèsè náà bá a lọ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Ọ̀kítóbà

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo lọ ra gàrí àti mílíìkì lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì. Owó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹnìkan sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi," mo sì yà. Obìnrin kan ni, ó ru àtẹ, ó fa ìborùn wálẹ̀ dé ojú, bàtà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Ọṣẹ, ìṣáná, ṣúgà tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kéékèèké. Ìdì ọ̀rá yẹn ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Kò sí ẹlòmíì ní Ìbà tó ń so ó bẹ́ẹ̀.

Àwa méjèèjì dúró. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, Tìṣà. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mo ní wọ́n wà dáadáa. Mo bi í pé kí ló dé tó ń gba ibí. Ó ní ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń kó ọjà fún òun ní Alaba ni. Àwìn lòun náà ń gbà á. Àwọn oníbàárà kò rí san, òun náà kò rí san. Wọ́n wá rán an pé kó jókòó síbẹ̀ títí yóò fi rí owó gbà, bí àwọn òṣómàáló ayé ìjọ́un tí wọ́n ń lóṣòó gba gbèsè, àfi pé bẹ́ǹṣì ni tirẹ̀, kò lóṣòó. Nítorí náà òun ti iwájú pa. Òun ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé kó ìwọ̀nba ọjà tó kù, òun ń kiri rẹ̀ ní Igbó-Elérin, níbi tí òun ń gbé, tí ẹni kankan kò ti mọ̀ pé òun ní ṣọ́ọ̀bù rí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mo ti fẹ́ kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ó ní ó tó, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lójú títì, olùkọ́ lẹ jẹ́.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́. Kò gbé ohùn sókè.

"Tìṣà, àwìn yẹn kọ́ ló dùn mí o. Ẹni tó bá ń tajà á ta àwìn. Ṣùgbọ́n tí owó bá wá wà lọ́wọ́ yín, ibí lẹ ń gbé e wá." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì pa á dé. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi nìyẹn. Mo ti ń rí yín láti ọjọ́ yìí."

Ó gbé àtẹ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ kí ẹrọ̀fọ̀ má ta sí mi láṣọ.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Ọ̀kítóbà

N kò gbọ́ ìwàásù. Mo ń rò ó. Ẹni tó pariwo, a wá owó fún un. Ẹni tó rẹ́rìn-ín, a lọ kí i ní Alaba. Ẹni tó ní sùúrù, a jẹ ẹ́ gbẹ, a tún gbé owó ọwọ́ wa lọ fún aládùúgbò rẹ̀. A wá ń pe ìyẹn ní ètò. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Ọ̀nà tara mi ni mo rò pé mo dí.

Kì í ṣe èmi nìkan, mo mọ̀. Ìdajì àdúgbò ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tù mí nínú, nítorí bí kálukú wa ṣe ń sọ nìyẹn.

Mo sọ fún Baba Abọ́lá pé màá gbé èésú fún Ìyá Fàúsátù. Ó ní, "Agogo ńkọ́?" Mo ní kí ó máa pariwo. Ó dìde, ó lọ pa tẹlifíṣọ̀n. N kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nígbà tó ṣe, ó padà wá, ó ní owó kan wà tí òun ń tọ́jú fún bàtà, kí n fi kún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Ọ̀kítóbà

Èésú wà nínú báàgì mi. Agogo wà lábẹ́ igi fúrúùtù. Mo tún lọ bá a fúnra mi. Mo ní, Àǹtí, mo kó èésú lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiyín. Díẹ̀ lẹ máa rí nínú owó oṣù mi. Ẹ jọ̀ọ́.

Háà. Ó lo ohùn tó tọ́jú láti ìjọ́sí. Ó ní èmi tí òun ti ń pè lọ́mọ ènìyàn. Ó ní kí gbogbo olùkọ́ jáde wá wo ẹni tó kó èésú tí kò fẹ́ san gbèsè. Àwọn ọmọ ń yọjú lójú fèrèsé. Mo jókòó ti báàgì mi. N kò sá. Nígbà tó ṣe, ó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí n fún òun lómi. Mo bù ú fún un, ó mu ún, ó gba díẹ̀ tó wà. Ìgbà tó ń lọ, ó ní, "Oṣù tó ń bọ̀ o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sá fún láti ọdún yìí wá kò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Ọ̀kítóbà

Mo béèrè ilé Ìyá Fàúsátù títí mo fi dé Igbó-Elérin. Yàrá kan. Fàúsátù ń fọ aṣọ. Mo gbé owó sílẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, gbogbo ohun tí a jẹ ẹ́. Kò kà á. Ó wò ó títí, ó nu ojú pẹ̀lú etí ìborùn, ó ní, "Tìṣà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

A jọ rìn padà sí Ìbà. Ní ìkòríta, ẹsẹ̀ àwa méjèèjì yà sí ọ̀nà ẹ̀yìn. A wo ara wa. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, a sì yí padà. Ọkùnrin bẹ́ǹṣì dìde nígbà tó rí wa. Ìyá Fàúsátù ka owó sí i lọ́wọ́. Kò pé, èmi nìkan kọ́ ló jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó pọ̀ tó láti gbé e kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ó yọ fìlà, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ wọ mọ́tò.

Ọjọ́rú, 4 Nòfẹ́ńbà

Ìyá Fàúsátù lọ kó ọjà ní Alaba. Díẹ̀. Owó lọ́wọ́ ló ní òun fi kó o.

Ọjọ́ Ajé, 9 Nòfẹ́ńbà

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí. Mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn páànù rẹ̀ láti pálọ̀ wa. Omi tíì wà lórí sítóòfù. Mo wọ bàtà, mo gba ọ̀nà iwájú lọ.

Ó ń to páálí. Mo kí i, mo ní mo fẹ́ ra mílíìkì kan àti ṣúgà. Kò wo ẹ̀yìn. Ó dá mi lóhùn bó ṣe máa ń dá Abọ́lá lóhùn, jẹ́jẹ́, láìrò ó rárá:

"Mi ò tíì tajà o, Tìṣà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. N kò bínú sí i. Ọdún mẹ́rin la fi kọ́ ọ. Mo gbé owó náà sórí tábìlì, iye tó pé. Ó yíjú, ó rí i.

Ó gbé mílíìkì àti ṣúgà fún mi. Lẹ́yìn náà ló mú owó náà, ó fi kan páálí mílíìkì, ó fi kan àpò gàrí, ó fi kan àwọn ọṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, ó sì gbé e kan iwájú orí rẹ̀ kó tó jù ú sínú agolo.

Àṣé bó ṣe máa ń ṣe owó àkọ́tà láràárọ̀ nìyẹn. N kò rí i rí.